Ọwọ́ Ọ̀gá Lọmọ Ń Wò: Àgbéyẹ̀wò Ìkọ̀wé àti Àwòrán Yíyà Lọ́wọ́ Ọmọdé

Àwọn ará Jàpáànì ayé àtijọ́ ka ilé-ẹ̀kọ́ ọmọdé sí ohun tó tọ́ láti yà ní àwòrán. Watanabe Kazan ya ọ̀kan ní 1818. Olùkọ́ jókòó jẹ́jẹ́, àwọn ọmọ ti sọ ilé di ọjà: àwọn kan wọ̀yá ìjà, àwọn kan ń rá kòrò káàkiri. Issunshi Hanasato náà ya tirẹ̀ láàrin 1844 sí 1848. Nínú ti Hanasato, olùkọ́ obìnrin wà níbẹ̀, àwọn ọmọbìnrin náà wà níbẹ̀, tábìlì kúkúrú wà níwájú oníkálukú, búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́, tàdáwà dúdú wà ní ìtòsí. Terakoya ni wọ́n ń pe irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn àlùfáà tẹ́ńpìlì ló ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn méjèèjì yìí ń ya àwòrán, ó ti wọ ìlú wọ abúlé. Ọmọ oníṣòwò àti ọmọ àgbẹ̀ ń lọ kọ́ ìkọ̀wé, ìwé kíkà àti ìṣirò níbẹ̀. Ní 1872 ìjọba wọn gbé òfin ẹ̀kọ́ tuntun jáde, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ti òyìnbó ṣe àwòkọ́ṣe sì gba ipò terakoya.

Ẹni tó bá wo àwòrán ti Hanasato dáadáa á rí i pé búrọ́ọ̀ṣì kan náà ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Irú èyí tó wà lọ́wọ́ ọmọ tó ń kọ lẹ́tà ni ayàwòrán fi ya ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n bá sì fẹ́ tẹ irú àwòrán bẹ́ẹ̀, agbẹ́gi á gbẹ́ ẹ sára pákó igi ṣẹ́rì: lẹ́tà tó wà lókè, ojú ọmọ tó wà nísàlẹ̀, pákó kan náà, ọ̀bẹ kan náà. Ẹlòmíràn á wá fi àwọ̀ sí i, á tẹ̀ ẹ́. Lójú wọn, ìkọ̀wé àti àwòrán kì í ṣe ẹ̀kọ́ méjì. Láti Ṣáínà ni wọ́n ti mú un pé nǹkan mẹ́rin ni ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ ọ̀mọ̀wé gidi gbọ́dọ̀ mọ̀, ohun èlò orin olókùn, ayò orí pátákó, ìwé kíkọ àti àwòrán yíyà, wọ́n sì fẹ́ràn láti máa ya àwọn mẹ́rin náà pọ̀ sórí aṣọ, sára ògiri àti nínú ìwé.

Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí Odò-Ẹrẹ̀, tàbí sí Ẹ̀gbẹ̀, Ìsánlú, Mọpà, Kàbà, a óò rí i pé ọmọ tiwa ti ń kọ, ó sì ti ń yà, láti ọjọ́ tó pẹ́. Ẹní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kàn ń jókòó lé kọ́ ọ. Ilé-ìwé ló ti kọ́ lẹ́tà. Ìdí òfì, ìdí ìkòkò aró, ọ̀dọ̀ agbẹ́gilére ló ti kọ́ ọnà. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ lóde òní máa ń di ẹ̀bi èyí ru àwòkọ: wọ́n ní àwòkọ ló pa ọpọlọ ọmọ, pé kí a jẹ́ kí ọmọ máa ya ohun tó bá wù ú. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Gbogbo ibi tí ọmọ ti mọ ìwé kọ tó dáa, tó sì mọ àwòrán yà, àwòkọ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tó yẹ ká béèrè ni pé kí ni wọ́n gbé síwájú ọmọ kó máa wò: ṣé ọwọ́ ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́ ni, àbí ìwé tí ẹnì kan ti tẹ̀ parí ní ibi tí ọmọ náà kò lè dé?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìkọ̀wé. Kí ìwé òyìnbó tó dé rárá, ọmọ awo ti ń fi ìka tẹ odù sórí ìyẹ̀rosùn lójú ọpọ́n. Bàbá á tẹ̀ ẹ́, ọmọ á wò ó. Ọmọ á tẹ̀ ẹ́, bàbá á wò ó. Ojú odù mẹ́rìndínlógún ni, wọ́n sì di 256 bí a bá so wọ́n pọ̀, gbogbo rẹ̀ kò sì ju ilà kan àti ilà méjì lọ. Bí wọ́n bá ti kà á tán, wọ́n á fi ọwọ́ pa á rẹ́, ìyẹ̀rosùn á tẹ́jú, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ọpọ́n Ifá yìí sì ni ibi tí mo mọ̀ nílẹ̀ wa tí ìkọ̀wé àti ọnà ti jọ ń gbé pọ̀ jù lọ: àárín rẹ̀ ni ọmọ ti ń tẹ odù, etí rẹ̀ ni agbẹ́gilére gbẹ́ ojú Èṣù, ẹyẹ, ejò àti oríṣiríṣi ọnà sí. Ojú ọmọ ò lè kúrò lórí ọ̀kan láìbọ́ sórí èkejì.

Ilé kéwú ní wàláà tirẹ̀. Ààfáà á fi gègé kọ ẹsẹ̀ sí i, ọmọ á máa ké e, á máa fi gègé tirẹ̀ tọ ipasẹ̀ ààfáà títí lẹ́tà á fi dúró déédéé. Tàdáwà tí wọ́n ń lò kì í ṣe èyí tó lẹ̀ mọ́ pákó títí ayé. Wọ́n á fọ̀ ọ́ kúrò nígbà tí ọmọ bá ti mọ ibẹ̀, omi ìfọ̀ náà kì í sì í ṣòfò, torí hàǹtú ni, àwọn tó gbà á gbọ́ ń mu ún. Nígbà tí ọmọ bá sì parí, wọ́n á ṣe wòlímọ̀ fún un, wọ́n á gbé e jáde pẹ̀lú wàláà rẹ̀. Láti Ìlọrin wá títí dé apá ọ̀dọ̀ wa, iye ọmọ tí ọwọ́ wọn kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń di gègé mú nípasẹ̀ kéwú kò kéré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà tí ìjọba òyìnbó ń ka ẹni tó mọ̀wé, wọn ò ka tiwọn mọ́ ọn.

Síléètì ló kẹ́yìn dé. Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a rìn dá ibùdó míṣọ́n sílẹ̀ ní Gbẹ̀bẹ̀, lẹ́bàá ibi tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, ní 1857, ọ̀rọ̀ ilé-ìwé sì wà lára ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n dáwọ́ lé. Ilẹ̀ Yàgbà ní láti dúró ju ìyẹn lọ. Ogun Nupe ti dà á rú ní gbogbo àárín ọ̀rúndún náà. Ìgbà tí Tommy Titcombe ti ìjọ SIM dé ní 1908, tó sì fìdí kalẹ̀ sí Ẹ̀gbẹ̀, ni ẹ̀kọ́ ìwé tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta gbòǹgbò níbí. Ohun tí àwọn míṣọ́nárì ń wá ni kí ènìyàn lè ka Bíbélì, èyí tí odindi rẹ̀ ti wà ní èdè Yorùbá láti 1884. Ìwé kíkà ni ọ̀gá, ìwé kíkọ ń tẹ̀ lé e, àwòrán kò sí nínú ọ̀rọ̀. Yorùbá inú Bíbélì náà kì í sì í ṣe ti Yàgbà, nítorí náà ọmọ tó kí ìyá rẹ̀ ní òkun láàárọ̀ ní láti máa kọ èdè mìíràn sórí síléètì ní ọ̀sán.

Ọpọ́n, wàláà, síléètì: kò sí èyí tó ń tọ́jú ohun tí ọmọ kọ. Àwọn ọmọ terakoya pàápàá kò ní ìwé tó tó nǹkan. Orí ìwé kan náà ni wọ́n ń kọ lé lórí léraléra títí gbogbo rẹ̀ fi dúdú, nígbà tó bá gbẹ wọ́n tún ń kọ lé e, nítorí tàdáwà tútù ṣì ń dá yàtọ̀ lórí èyí tó ti gbẹ. Àwọn tó ń káàánú ọmọ pé kò ní ìwé àjákọ tó pọ̀ tó, kí wọ́n rántí èyí. Ọwọ́ ọmọ ni ẹ̀kọ́ náà ń gbé, kì í ṣe inú ìwé. Bí olùkọ́ bá ti dúró tì í tó ń wo bó ṣe di kálàmù mú, ohun tí wọ́n pa rẹ́ kò ṣòfò.

Níbo wá ni àwòrán ti já bọ́? Mo rò pé ilé ìtẹ̀wé ló kọ́kọ́ yà wọ́n. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá 1859, lẹ́tà tó fi tẹ̀ ẹ́ ti di òjé kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹnikẹ́ni níbí kò gbẹ́ wọn. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé wọn wá. Ọmọ tó kọ́ A, B, D látinú ìwé tí a tẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí lẹ́tà gẹ́gẹ́ bí ohun tó ti wà láti ọ̀run wá, tí kò ní ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú. Ní Jàpáànì, ó pẹ́ kí irú ìyapa bẹ́ẹ̀ tó dé, nítorí pákó igi ṣì ni wọ́n fi ń tẹ ìwé ọmọdé, ọmọ sì lè rí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ti wúwo, ibi tó ti fẹ́rẹ́.

Lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé ni ọ́fíìsì. Ìjọba ń wá akọ̀wé, ilé-iṣẹ́ òyìnbó ń wá akọ̀wé, ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ dára ní ìwé kíkọ sì rí iṣẹ́ ní kóòtù tàbí ní ọ́fíìsì D.O. Ta ló wá fẹ́ kí ọmọ òun máa ya ewúrẹ́? Bàbá tó ta iṣu láti san owó ilé-ìwé mọ ohun tó ń wá. Títí di òní, ìyá tó bá rí àwòrán lẹ́yìn ìwé ìṣirò ọmọ rẹ̀ á bá a wí, n kò sì lè dá irú ìyá bẹ́ẹ̀ lẹ́bi pátápátá.

Ọ̀rọ̀ ààlà náà kan tiwa. Ọ̀pọ̀ ìwé tó ń sọ ìtàn ẹ̀kọ́ Yorùbá máa ń fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kìíní 1955 ṣe òpó ìtàn wọn. Òpó yẹn kò dúró ní Odò-Ẹrẹ̀. Abẹ́ ẹ̀ka Àríwá, ní Kàbà Province, ni wọ́n kó wa sí. Àwọn ará Èkìtì tó jẹ́ aládùúgbò wa ń lọ sílé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí tiwa ṣì ń sanwó tàbí ń dúró lé míṣọ́n lọ́wọ́. Ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ ní 1976 ni ọ̀fẹ́ tó kàn wá. Ilé-ìwé tó ń wá ṣọ́ọ̀kì kò lè máa wá ọ̀dà.

Ibi tí ìjà gidi lórí àwòrán ti ṣẹlẹ̀ ni Èkó, ó sì ṣe mí ní kàyéfì bí ó ṣe bá ìjà mìíràn mu ní Jàpáànì. Ní 1882 wọ́n bí Àìná Ọnàbólú ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọdún kan náà ni wọ́n bí Yamamoto Kanae ní Okazaki. Wọn ò pàdé rí.

Ọnàbólú kò rí ẹni kọ́ ọ. Àwòrán inú ìwé àti ìwé ìròyìn tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá ló ń wò kọ nígbà tó wà lọ́mọdé, bí ó ṣe ń ṣe é nìyẹn títí ó fi di ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Èkó, tó sì ya Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906. Nígbà náà, àwọn òyìnbó kan ń sọ ọ́ ní gbangba pé ènìyàn dúdú kò lè ya ojú ènìyàn kó jọ. Ó lọ kọ́ṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, ó padà dé ní 1922, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga Èkó, láti King's College dé CMS Grammar School, ó ń gún ìjọba ní kẹ́sẹ́ pé kí wọ́n fi àwòrán yíyà sínú ẹ̀kọ́. Ohun tó tẹnu mọ́ jù lọ ni bí ohun ọ̀ọ́kán ṣe ń tóbi tí ti ọ̀nà jíjìn ń kéré, àti bí ìlà méjì ojú ọ̀nà ṣe ń súnmọ́ra bí wọ́n ti ń lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi èyí sọ ọ́ lórúkọ: Mister Perspective.

Kanae, ní tirẹ̀, ti jẹ́ ẹni tó ń tẹ àwòrán. Ní 1904 ó ya apẹja kan, ó fúnra rẹ̀ gbẹ́ ẹ, ó fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé àṣà wọn ni kí ẹnì kan yà, kí ẹlòmíràn gbẹ́, kí ẹlòmíràn tún tẹ̀. Ó lọ sí Faransé. Nígbà tó ń padà bọ̀ gba Rọ́ṣíà ní 1916, ó rí àwòrán tí àwọn ọmọdé yà ní Moscow, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ mọ́. Ní ilé-ìwé ní Jàpáànì lákòókò náà, ìwé àwòrán ìjọba ni wọ́n ń pín fún ọmọ, ọmọ á sì máa da ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ. Ní 1919 ó ṣe àfihàn àwòrán ọmọdé nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní àgbègbè Nagano: ẹ jẹ́ kí ọmọ bọ́ síta, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, kó wo òkè, kó wo odò, kó yà á bí ojú rẹ̀ ṣe rí i. Ìmọ̀ràn náà ràn káàkiri orílẹ̀-èdè wọn bí iná ọyẹ́.

Ẹni tó bá yára ka ìtàn méjèèjì á ní ọ̀tá ara wọn ni wọ́n: ọ̀kan ń fún ọmọ ní òfin, èkejì ń gba òfin kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ọnàbólú ń kọ́ ọmọ láti wo ojú ènìyàn tó jókòó níwájú rẹ̀. Kanae ń kọ́ ọmọ láti wo odò tó ń ṣàn lẹ́yìn ilé-ìwé. Ìwé tí a tẹ̀ ni àwọn méjèèjì bá jà. Àwọn méjèèjì sì jẹ́ ẹni tó lè gbé búrọ́ọ̀ṣì lójú ọmọ kó sì fi hàn án.

Kenneth Murray ni ẹnì kẹta. Ìjọba mú un wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1927, lẹ́yìn tí Ọnàbólú ti pariwo títí pé kí wọ́n wá olùkọ́ kún òun. Murray dé, èrò rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń wá ọmọ-iṣẹ́. Ẹ̀rù ń bà á pé ẹ̀kọ́ òyìnbó á ba ọnà ilẹ̀ yìí jẹ́. Ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa ya ọjà, ọdún ìbílẹ̀, iṣẹ́ oko àti ìran abúlé wọn. Ní 1937 ó kó iṣẹ́ àwọn márùn-ún lára wọn lọ fi hàn ní Zwemmer Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù, Ben Enwonwu sì wà lára wọn. Àríyànjiyàn lórí Ọnàbólú àti Murray kò tíì tán láàrin àwọn ọ̀mọ̀wé. Ẹnì kan á ní Ọnàbólú fi ara rẹ̀ fún òyìnbó. Ẹlòmíràn á ní Murray fẹ́ kí a dúró sí ibi tí a wà kí òyìnbó lè máa wò wá. Èmi kò rí ìdí tí a fi ní láti yan ọ̀kan. Ohun tó dùn mí nínú rẹ̀ ni pé ìjà náà kò kúrò nílé-ìwé gíga. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí ọwọ́ ọmọ ti rọ̀, kò rí Ọnàbólú, kò rí Murray.

Bí a bá fẹ́ rí ẹ̀kọ́ ọnà tó kan ọmọdé gan-an nítòsí wa, ẹ jẹ́ ká kúrò ní Èkó, ká wá sí Òmù-Àrán. Ibẹ̀ ni ìjọba òyìnbó ti gba Moshood Olúṣọmọ Bámigbóyè, agbẹ́gilére Odò-Ọwà, láti wá máa kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní igi gbígbẹ́. Ọkùnrin yìí ló gbẹ́ àwọn Ẹpa ńláńlá tí ènìyàn orí igi pọ̀ lórí wọn débi pé ẹni tó bá ń ru wọ́n jó gbọ́dọ̀ jẹ́ akin. Ní 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe odindi àfihàn kan fún iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 1947, Fadá Kevin Carroll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ Àgùdà bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ irú rẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Bándélé, ọmọ Aréògún ará Òsì, ni ọ̀gá níbẹ̀, Làmídì Fákẹ́yẹ sì kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá àwòkọ, kó wá wò ó níbí: ọmọ-iṣẹ́ á kọ́kọ́ máa gbá ilé, á máa pọ́n ọ̀bẹ, á wá máa ha ibi tí ọ̀gá ti gbẹ́ tán, ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé igi lé e lọ́wọ́ kó dá gbẹ́ ojú. Síbẹ̀ iṣẹ́ Fákẹ́yẹ kò jọ ti Bándélé, ti Bándélé náà kò jọ ti bàbá rẹ̀. Àwòkọ tó ní ọ̀gá nínú kì í sọ ọmọ di ọ̀gá rẹ̀.

Òṣogbo gba ọ̀nà mìíràn. Láàrin 1962 sí 1964, Denis Williams àti lẹ́yìn rẹ̀ Georgina Beier ṣí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kúkúrú sílẹ̀ níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, àwọn òṣèré inú ẹgbẹ́ Dúró Ládiípọ̀, ló wọlé: Jacob Afọlábí, Rufus Ògúndélé, Mùráínà Oyèlámì, Jímọ̀ Buraimoh. Ọmọ ilẹ̀ Okun, ilẹ̀ tiwa yìí, wà láàrin wọn, òun sì ni òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ. Táíwò Ọláníyì, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Twins Seven-Seven, Ògìdì ní Ìjùmú ni wọ́n ti bí i ní 1944. Ijó ló ń jó kiri pẹ̀lú ẹni tó ń ta oògùn nígbà tó dé Òṣogbo ní 1964. Wọ́n fún un ní kálàmù àti tàdáwà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya iwin inú igbó, ẹja, ènìyàn olórí púpọ̀, ìlà wẹ́wẹ́ lórí ìlà wẹ́wẹ́ títí àyè kankan kò fi ṣẹ́kù. Ní 1989 iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Paris nínú àfihàn Magiciens de la Terre. Ní 2005 UNESCO fi oyè aṣojú àlàáfíà dá a lọ́lá. Ó kú ní 2011.

Àwọn kan fi Twins Seven-Seven ṣe ẹ̀rí pé kí a má kọ́ ọmọ ní nǹkan kan, kí a ṣáà fún un ní ọ̀dà. Wọ́n gbàgbé ibi tó ti wá. Ògìdì kan náà ni wọ́n ti bí Nike Okundaye ní 1951. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ìyá ìyá àgbà rẹ̀ tó jẹ́ ahunṣọ àti aláró ló tọ́ ọ, kò sì sí owó tí yóò fi ka ìwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Okun, obìnrin ló ń hun aṣọ lórí òfì tó dúró lóòró sára ògiri. Ibẹ̀ ni aṣọ ìpò pupa ti àwọn ará Bùnú ti wá, tí wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ ìsìnkú àgbà. Ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú òfì bẹ́ẹ̀ kò nílò ìwé àwòrán. Ó ń ka òwú, ó ń rí bí ọnà ṣe ń yọ lójú aṣọ díẹ̀díẹ̀, ó ń mọ ibi tí àwọ̀ kan yóò ti yà fún èkejì, kò sì tíì ga tó òfì. Nike ti mọ aró àti ọnà kó tó dé Òṣogbo. Ní 1983 ó dá ibùdó ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn obìnrin tí kò ríṣẹ́ ṣe pàápàá. Gbọ̀ngàn àwòrán rẹ̀ ní Lẹ́kí mọ́ gbogbo ayé lójú báyìí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ti kan aró, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àdìrẹ ẹlẹ́kọ, torí òun ni mo lè gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán àwọn ará Jàpáànì láìtijú. Ìyẹ́ adìẹ ni àwọn obìnrin Ìbàdàn fi ń ya ẹ̀kọ láfún sórí aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní wọ̀ ọ́. Wọ́n á pín aṣọ sí ojúlé ojúlé, wọ́n á fi ọnà kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ewé, ẹyẹ, àkekèé. Ìbàdàndùn ni wọ́n ń pe èyí tó ní òpó Mápó nínú. Olókun ni orúkọ òmíràn tó gbajúmọ̀. Orúkọ àti ètò àwọn ọnà yìí kì í yí padà, àwòkọ pọ́ńbélé ni, síbẹ̀ ẹni tó ní ojú mọ ọwọ́ obìnrin kan yàtọ̀ sí ti èkejì láti ọ̀ọ́kán. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n ń gé páànù láti fi tẹ ọnà náà. Ìgbà tí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí oyè ní 1935, àwòrán ọba àti ayaba bọ́ sórí àdìrẹ, lẹ́tà sì wà lójú aṣọ náà pẹ̀lú wọn. Ìkọ̀wé àti àwòrán tún padà pàdé, abẹ́ ọwọ́ aláró ni wọ́n ti pàdé, ilé-ìwé kò sì mọ̀ sí i.

Ó ku ohun tó wà nílẹ̀ lónìí. Àwòrán, orin, ijó àti eré ni wọ́n ti so pọ̀ di ẹ̀kọ́ kan nínú ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, Cultural and Creative Arts ni orúkọ rẹ̀. Lórí ìwé ó dára. Nínú kíláàsì, ó túmọ̀ sí pé olùkọ́ kan náà ni kí ó mọ ìlù, kí ó mọ ijó, kí ó mọ búrọ́ọ̀ṣì. Olùkọ́ tí kò mọ àwòrán yà á kọ ìtumọ̀ àwòrán sójú pátákó, àwọn ọmọ á dà á kọ sínú ìwé: oríṣi àwòrán mélòó ló wà, kí ni ànfààní àwọ̀. Ọmọ lè gba máàkì tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kó má tíì ya igbá kan rí. Tí wọ́n bá sì ní kí wọ́n yà, inú ìwé tí a tẹ̀ ni wọ́n ti ń yà á, èso ápù ló sì sábà máa ń jẹ́, nígbà tí máńgòrò wà lẹ́yìn fèrèsé. Gbogbo ohun tí Kanae bá jà ní 1919 ló ti kó ẹrù rẹ̀ wá bá wa.

Ìkọ̀wé gan-an kò bọ́. Àwọn ilé-ìwé aládàáni ń fi lẹ́tà alásopọ̀ polówó ara wọn, ìwé onílà mẹ́rin ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ rere ni, torí ó kéré tán ẹnì kan ń wo ọwọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n a máa parí ní kíláàsì kẹta tàbí ìkẹrin. Ní Jàpáànì, kíláàsì kẹta gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fa búrọ́ọ̀ṣì lé ọmọ lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí òfin ìjọba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá dàgbà, àti ní ọjọ́ kejì oṣù Kìíní ọdọọdún wọ́n ṣì ń jókòó kọ ìwé àkọ́kọ́ ọdún. Wọn kò retí pé kí gbogbo ọmọ náà di akọ̀wé kóòtù.

Kí ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Odò-Ẹrẹ̀ lè ṣe láìdúró de Lọ́kọ́ja tàbí Àbújá? Ọ̀dà kọ́ ni ìṣòro. Èédú wà, ẹfun wà, osùn wà, amọ̀ wà létí odò. Àwọn ìyá tó mọ òfì ṣì wà ní ilẹ̀ Okun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye wọn ń dínkù. Àwọn kan wà tó ń kọ lẹ́tà sára mọ́tò àti sójú pátákó ṣọ́ọ̀ṣì, tí ọwọ́ wọn gún ju ti ìwé tí a tẹ̀ lọ. Kí ọ̀kan lára wọn jókòó fún wákàtí kan lọ́sẹ̀ níwájú ọmọ ogún, kó máa ṣiṣẹ́ tirẹ̀, kí àwọn ọmọ máa wò ó kí wọ́n sì máa gbìyànjú rẹ̀. Ìwọ̀nba tí mo ń sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ibi tí yóò ti há rèé. Láti 1993 ni òfin ti dá ìgbìmọ̀ tó ń fi orúkọ olùkọ́ sílẹ̀ kalẹ̀ ní Nàìjíríà, ìwé-ẹ̀rí NCE sì ni ìlànà ní kí olùkọ́ ní, ó kéré tán. Bí Bámigbóyè bá gbé àáké àti ọ̀bẹ rẹ̀ dé ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ láàárọ̀ yìí, pé òun fẹ́ wá kọ́ àwọn ọmọ bí òun ṣe kọ́ wọn ní Òmù-Àrán, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni pé ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ dà.